Mo Bó Àwọ̀ Igi Gìtá Mi Kí N Tó Pa Á Láró

Láti ọjọ́ tí mo ti pinnu pé n ó fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ara gìtá oníná kan ni mo ti mọ àwọ̀ tí mo fẹ́ kó ní. Àwọ̀ aró ni, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta péré, tí kò tíì ṣú, tí ojú ṣì ń rí fọ́nrán òwú lábẹ́ rẹ̀. N kò fẹ́ ọ̀dà rárá, nítorí ọ̀dà a máa bo igi mọ́lẹ̀ pátápátá, ìlà ara igi yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ kí ènìyàn máa rí.

Igi afara ni mo lò. Nígbà tí mo dé ọjà pákó Bódìjà nílùú Ìbàdàn, ohun tí bàbá tó ń ta pákó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Funfun lẹ fẹ́ àbí dúdú?" Afara ni wọ́n ń pe méjèèjì lọ́jà, ṣùgbọ́n igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Afara dúdú ni ìdígbò, èyí tó máa ń ta àbàwọ́n yẹ́lò sára aṣọ bí omi bá kàn án. Afara funfun ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní limba. Limba yìí náà ni àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà sọ ní korina, òun sì ni iléeṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ní 1958. Iye Flying V tí wọ́n ṣe láàárín 1958 sí 1959 kò tó 100, owó gọbọi sì ni wọ́n ń rà wọ́n lónìí. Orí mi wú nígbà tí mo gbé pákó náà léjìká, tí mo sì rántí pé irú igi kan náà ni.

Àmọ́ "funfun" tí wọ́n ń pè é yìí, àwọ̀ koríko gbígbẹ ni. Mo pa ègé kan tó ṣẹ́kù lára pákó náà láró búlúù, nígbà tó sì fi máa gbẹ, ó ti di àwọ̀ ewé. Aró kì í bo nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ a gba inú rẹ̀ kọjá, a kan igi, a sì padà wá bá ojú wa, nítorí náà àwọ̀ igi fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí à ń rí. Búlúù lórí yẹ́lò, kò lè ṣe kó má di àwọ̀ ewé. Àwọn aláró wa mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aṣọ funfun báláú ni wọ́n ń rà láti fi ṣe àdìrẹ.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu láti bó àwọ̀ igi náà. Mo kọ́kọ́ fi omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun (bleach) dán ègé mìíràn wò, ọjọ́ méjì gbáko sì ṣòfò lórí rẹ̀, nítorí kílóríìnì tó wà nínú omi yẹn mọ bí a ṣe ń pa aró rẹ́ ju bí a ṣe ń pa àwọ̀ àbínibí igi rẹ́ lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an ni kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, pẹ̀lú hydrogen peroxide, kẹ́míkà olómi tó ń bó àwọ̀, èyí tó le, ìdá 35 nínú 100. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, mo wọ awò tó bo gbogbo ojú, mo sì ṣe iṣẹ́ náà ní ìta gbangba. Abọ́ ike ni mo lò, nítorí kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù, irin sì ń ba peroxide jẹ́. Kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí, nítorí ooru rẹ̀ lè mú kó ta síni lójú.

Nígbà tí mo fi fóòmù pa kọ́sítíìkì náà sára igi, ẹ̀rù bà mí. Kàkà kí ó funfun, ńṣe ni ó pọ́n, tó sì dà bí omi tíì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tó ṣì tutù, mo pa peroxide lé e lórí. Ó hó, ìfòfó kéékèèké bo gbogbo ojú rẹ̀, mo sì dúró tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ tíì yẹn ń yọ́ kúrò láti etí pákó bọ̀ wá sí àárín, títí igi fi dà bí ẹ̀kọ funfun tó tutù sínú ewé. Ẹ̀kán peroxide kan gba ihò ìbọ̀wọ́ mi wọlé; ojú ẹsẹ̀ ni awọ ìka mi funfun, tó sì ń ta mí títí di alẹ́. Ẹ yẹ ìbọ̀wọ́ yín wò dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo fi fínígà tí mo bu omi là nù ún láti pa agbára kọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù, mo sì fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ègé tí mo ti fi omi ìfọṣọ dán wò kò sí nítòsí rárá, nítorí bí fínígà bá pàdé omi ìfọṣọ yẹn, gáàsì kílóríìnì tó máa jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àṣìṣe mi wáyé lẹ́yìn èyí. Omi ti mú kí irun ara igi dìde, mo sì fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò yọ́ ọ kí ó tó gbẹ tán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo rí àmì dúdú wínníwínní bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ kàn án, nítorí irin tó já sára igi ti pàdé omi àti oje igi, ó sì ti di irú nǹkan tí a ń fi ṣe tàdáwà. Ó dùn mí gan-an. Oxalic acid, kẹ́míkà kan tó ń yọ àbàwọ́n irin, tí mo yòrò sínú omi gbígbóná ló yọ wọ́n, ṣùgbọ́n májèlé ni, ó sì gba kí n tún fi omi ṣan igi náà ní àṣantúnṣan. Láti ọjọ́ náà, sáńpépà kíkúnná onínọ́ńbà 320 nìkan ni mò ń lò, pẹ̀lú ìbomú, ọwọ́ mi sì ń fúyẹ́, torí pé bíbó náà kò wọ inú igi jìnnà. Ẹni tó bá yọ́ ọ jù yóò tún kan yẹ́lò.

Mo gbé e sábẹ́ ibòòji, mo gbé e lórí igi tín-ín-rín méjì kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ láti òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó má baà lọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, n kò sì fọwọ́ kan aró títí ó fi pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìwúwo rẹ̀ kò dín mọ́.

Aró oníyẹ̀fun tó ń yòrò nínú omi ni mo lò. Ọkàn mi fà sí ẹ̀lú ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán, omi eérú rẹ̀ ìbá sì tún kó ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fínígà pa padà sára igi. Ìgbà mẹ́ta ni mo pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, búlúù sì ni ó jẹ́. Fáníìṣì tí wọ́n fi omi pò, tó mọ́ gaara, ni mo fi bò ó, nítorí fáníìṣì olóròóró a máa pọ́n bó ṣe ń pẹ́, ìyẹn ìbá sì dá àwọ̀ ewé yẹn padà.

Ó wà lórí tábìlì báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí a ti gé fọ́nrán igi ní ìdábùú, ṣú ju ibòmíràn lọ, nítorí ibẹ̀ mu aró jù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó so ọrùn mọ́ ọn.