Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹ̀rọ Sẹ́ńtífíújì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, ohun tó máa ń bí mi nínú jù nínú ìwé iṣẹ́ yín nípa sẹ́ńtífíújì, ẹ̀rọ tó ń yí túùbù bírí láti ya ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀, nìyí: “mo yí i ní 10,000 rpm” (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Rotor, apá tó di túùbù mú tó ń yí, wo? Bí ìsàlẹ̀ túùbù bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí àárín rotor, agbára tó ń fà á tó 11,200 g (g kan ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan). Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ìdajì ni. Ẹ kọ g sílẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ yàtọ̀ lè tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ògì tó sùn mọ́jú máa ń rì fúnra rẹ̀, omidùn á lé sókè. Iṣẹ́ yẹn náà ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe, ó kàn ń mú un yá ni. Ohun tó tóbi ló ń tètè rì: bí hóró méjì bá ki bákan náà, tí ọ̀kan fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò fi yára jù ú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ya sẹ́ẹ̀lì tí a ti lọ̀ ní ìpele-ìpele, láti orí apá rẹ̀ tó tóbi dé èyí tó kéré: núkílíọ́ọ̀sì ní nǹkan bí 1,000 g, maitokọ́ńdríà ní 10,000 g, ráíbósóòmù ní 100,000 g fún wákàtí kan ó kéré tán.

Àmọ́ ẹ má gbà pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́. Àwọn wẹ́wẹ́ tó ti wà nítòsí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ kò ní ìrìn gígùn láti rìn; wọ́n á bá àwọn ńlá débẹ̀. Ẹ pò ó sínú bọ́fà tuntun (omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ásíìdì inú rẹ̀ yí padà), kí ẹ tún un yí.

Ti pólímà, mólékù ńlá tí a fi kéékèèké so pọ̀ bíi DNA, tún le díẹ̀, torí ìrísí rẹ̀ náà ń dá sí ọ̀rọ̀. Orúkọ The Svedberg, ará Sweden tó ṣe ultracentrifuge (sẹ́ńtífíújì tó ń yí kíákíá gan-an) ní Uppsala ní ẹ̀wádún 1920, la fi sọ òṣùwọ̀n S. Ráíbósóòmù bakitéríà jẹ́ 70S. Apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 50S àti 30S. Ẹ rò wọ́n pọ̀ wò! S kì í ṣe ìwúwo, ìyára rírì ni. Bí apá méjèèjì ti so pọ̀, ìwúwo wọn ròpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tí omi ń rí dì mú náà pọ̀ sí i.

Bí ohun méjì bá tóbi bákan náà ńkọ́? Ẹ fi bí wọ́n ṣe ki tó yà wọ́n. Báyìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Meselson àti Stahl ṣe ya DNA tó ní náítírójìn-15, tó wúwo jù, kúrò lára èyí tó ní náítírójìn-14 lọ́dún 1958: nínú omi cesium chloride, iyọ̀ kan tí omi rẹ̀ ń ki sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ túùbù, kálukú dúró síbi tí omi náà ti ki tó o. Níbẹ̀, pípẹ́ jù kò ba nǹkan jẹ́. Omi ṣúgà tí a fi ń ya ráíbósóòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ jù, ìsàlẹ̀ túùbù ni gbogbo rẹ̀ máa wà.

Túùbù tó dojú kọ ara wọn, orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọ̀n wọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ má sì fi omi lásán dọ́gba pẹ̀lú omi ṣúgà, bí wọ́n tilẹ̀ wúwo bákan náà. Bó bá parí, ẹ jẹ́ kó rọra dúró láìsí bíréèkì, kí ìpele tẹ́ ẹ fara balẹ̀ tò má baà pò pọ̀.