Ìkúnlẹ̀ ò lè dá òjò padà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń sáré kiri kọ́ọ̀tù Ìlọrin pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, ó pé ogún ọdún lóṣù yìí tí mo ti ń wọ wíìgì. Mo ní kí n kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún fún yín. N kò rò pé a máa dé ìkarùn-ún.

Ìkíní: ẹ má gba iye ọjọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí òfin fúnra yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọmọ kan níwájú tábìlì rejísítírà tó ń bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo mọ irú ojú yẹn dáadáa.

Ọdún kẹta mi nídìí iṣẹ́ ni. Ìyá kan láti ìgbèríko Àjàṣẹ́-Ìpo ń bá mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ du oko iṣu. Adájọ́ pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ dẹ́sẹ̀ dé oko náà títí ẹjọ́ yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Mo bi ọ̀gá mi pé ọjọ́ mélòó la ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ń jẹun, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Oṣù mẹ́ta." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni gba wáàsí.

Oṣù mẹ́ta ni lóòótọ́, bó bá jẹ́ ìdájọ́ tó parí ẹjọ́. Àṣẹ àárín ẹjọ́ bíi ti ìyá yìí, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni. Abala 24 nínú òfin Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ló wí bẹ́ẹ̀, ìwé náà sì wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn orí mi. Ọjọ́ kejìlélógójì ni mo gbé ìwé mi lọ, tayọ̀tayọ̀, pé mo tètè dé. Akọ̀wé wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, ẹ ti pẹ́."

Nígbà tí ìyá dé ọ́fíìsì, ọ̀gá mi nawọ́ sí mi: "Ọmọdébìnrin yìí ló fi ẹjọ́ yín ṣeré." Mo kúnlẹ̀. Ìyá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ìkúnlẹ̀ ò lè bá mi dá òjò padà." A tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù láti pe ẹjọ́ náà lẹ́yìn àsìkò, kí wọ́n tó dá wa lóhùn, òjò ọdún méjì ti rọ̀ lórí oko tí kò lè kọ ebè kan sí.

Ìkejì ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ ìwọṣọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti Adájọ́ Raliat Elelu-Habeeb síbí. Òun ni adájọ́ àgbà Kwárà lọ́dún 2009 tí gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní àwọn ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ka abala 292 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìkan, yóò ní ó parí: gómìnà, ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin, ó tó. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn, dé àfikún kẹta, ìpínrọ̀ 21, yóò bá NJC níbẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà. Adájọ́ yìí kò pariwo ní Ọjà Ọba. Ó di olùpẹ̀jọ́, òun tó ti ń dájọ́ fún ẹlòmíràn, ó sì dúró fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òótọ́ ló wí: láìsí NJC, wọn ò lè yọ adájọ́ àgbà. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ẹjọ́ náà títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ yẹn jiyàn òṣèlú, ẹ̀yin mélòó lẹ ti ka ìdájọ́ náà tán?

Ọ̀gá mi àná ṣì ń sọ lóde àríyá pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọjọ́sí tó ń bẹ rejísítírà ńkọ́? Mo pè é sẹ́yìn, mo ní ta ló sọ iye ọjọ́ fún un. "Ọ̀gá mi ni, mà." N kò béèrè orúkọ. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì mi, a jókòó ti ìwé ìtọrọ àyè títí ilẹ̀ fi ṣú.