Ọdún ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo kọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti ń kógbá sílé. Mo jókòó sí Ìkòròdú níbí lálẹ́ òní, mo ń ka ìwé kékeré tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ táwa tá a máa ń tẹ̀lé ẹni tí wọ́n ṣe níkà lọ fẹjọ́ sùn bá ti ti téṣàn ọlọ́pàá dé, ojú ewé kan ṣoṣo ṣá ni mo ń padà sí, ti oṣù kẹta.

Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọdún 16, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọ̀gá ẹ̀ tì í mọ́lé ó sì lù ú. Ní kàńtà ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò bára mu, ó ní àárọ̀ ni, ó tún ní ilẹ̀ ti ṣú, ni ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ bá gbé bírò sílẹ̀, ó ní irọ́ lọmọ yìí ń pa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà l'Ékòó látọdún 2007, ṣùgbọ́n kí lòfin fẹ́ ṣe tọ́rọ̀ ọmọ ò bá kọjá kàńtà? Èyí tó sì dùn mí jù ni pé èmi náà ti ń ṣiyèméjì nínú ara mi.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan nípa ọpọlọ. Tí ẹ̀rù ńlá bá ba èèyàn, apá kékeré kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala ló máa ń ké gbàjarè, kẹ́míkà bíi cortisol á dà sínú ara, hippocampus, apá ọpọlọ tó ń to ọ̀rọ̀ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé, ò wá ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀. Òórùn lè wà níbẹ̀ kedere, ariwo lè wà níbẹ̀, aago àti èyí tó ṣáájú ló máa dàrú. Kò ní ká má wádìí o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dàrú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí irọ́.

Ni mo bá lọ bá ọmọ náà nílé ìyá ẹ̀ ní Sábó. Mi ò béèrè aago mọ́. Mo ní, "Àbúrò mi, kí lo gbọ́?" Ó dákẹ́ títí, ó wá ní àwọn ọmọdé ń pariwo "Up NEPA!", jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá kú. Màmá tó ni jẹnẹrétọ̀ yẹn gan-an ló wá sọ pé bóun ṣe pa á báyìí lòun gbọ́ ẹkún, alẹ́ ni. Àárọ̀ ni wọ́n tì í mọ́lé, alẹ́ ni wọ́n lù ú. Òótọ́ ni méjèèjì!

Mo tún kọ́ pé ìbéèrè fúnra ẹ̀ lè yí ohun téèyàn rántí padà. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi fíìmù jàǹbá ọkọ̀ han àwọn èèyàn, àwọn tí wọ́n bi pé eré wo làwọn ọkọ̀ náà ń sá nígbà tí wọ́n "fọ́ mọ́ra wọn" sọ eré tó pọ̀ ju tàwọn tí wọ́n bi pé nígbà tí wọ́n "gbára wọn". Torí ẹ̀ ni, tẹ́nikẹ́ni nínú wa bá ti fẹ́ ní "ṣé bẹ́líìtì ló fi lù ẹ́?", mo máa ń ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Kóòtù ti sún ẹjọ́ sí oṣù kìíní. Màá wà níbẹ̀.

Ẹnì kan wà tí mò ń rò ṣáá, ìyá ẹlẹ́ja kan ní Èbúté, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi ni mo sọ fún un pé "ìyá, ẹ ronú dáadáa, ọ̀rọ̀ yín ò dúró sójú kan." Wọ́n ká gèlè wọn, wọ́n lọ, wọn ò padà wá mọ́. Mo ti ń pe nọ́ńbà wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò lọ. Tá a bá ti ṣọdún tán màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ ọjà ẹja lọ wá wọn.