Láti Kútọnu dé Kùmásí: bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn ti yó

Ilé ọ̀rẹ́ àǹtí mi la sùn lálẹ́ ọjọ́ tí a wọ Kútọnu. Amiwó ni obìnrin náà rò fún wa, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti omi ẹran sè títí tó fi pọ́n, pẹ̀lú adìẹ díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jẹ tèmi tán, ó tún gbé abọ́ mìíràn dé. Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé la fi ń sọ̀rọ̀, mo bá ní "Je suis pleine." Lọ́kàn mi, mo ti sọ pé mo yó.

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó tì mí. "Ọmọ mi, ẹran tó lóyún là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló sọ ọ́, a ó ní ọtí ló ń pa á." Ó ní "J'ai bien mangé" ni kí n máa sọ, pé mo jẹun dáadáa. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ìyá ṣe ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóhun tí kò ní fẹ́ kó ṣì sọ lóde.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n tètè sùn. Tiwa náà kò jìnnà sí i: ẹni tí wọ́n bá ní ó ti yó nídìí ẹmu, ta ló máa rò pé oúnjẹ ló jẹ? Ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ, kò sí ìtìjú nínú "mo ti yó". Faransé tún ní "manger à sa faim", kí ènìyàn jẹun dé ìwọ̀n ebi rẹ̀. Ebi ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ níbẹ̀. Lójú tèmi, ó jẹ́ ọ̀nà kan tó gún régé, àmọ́ ó ṣàjèjì sí mi, torí pé bí a bá ti jẹun tán lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dárúkọ ebi mọ́.

A gba Hilakondji wọ Tógò lọ́jọ́ kejì. Aṣọ ni àǹtí mi bá lọ sí Lomé, ọjà àǹkárá tí àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti di ọlọ́lá láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ń gun Mercedes. Ọjọ́ méjì ló fi ná aṣọ. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà rẹ̀ kan ní ká bá òun lọ kí ìyá òun ní Kpalimé, níbi tó tó ọgọ́fà kìlómítà sí Lomé, lápá ibi tí òkè Agou wà, òkè tó ga jù ní Tógò.

Kpalimé ni mo ti gbọ́ ìró odó láàárọ̀, tí ara mi sì balẹ̀. Fùfú ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n iṣu ni wọ́n ń gún: iyán wa gan-an ni. Ọbẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ adémè. Mo fi ìka kàn án, ó fà, mo mọ̀ ọ́n: ewédú! Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó wà lábúlé ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà tún fẹ́ bù sí i, mo bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni kí n sọ. Ó ní lédè Ewe tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, "Meɖi ƒo" ni, mo ti yó. Ikùn ni ƒo. Mo rántí ìyá Ìgbò tó bá wa gbélé ní Èkó, tó máa ń na ọwọ́ sí ikùn rẹ̀ pé "Afọ juru m", ikùn ló kún.

Ọmọ náà tún là á yé mi pé bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ tán, "meɖu nu ɖi ƒo" ni. Meɖu nu, mo jẹun. Ɖi ƒo, yó. Àṣé wọ́n ń to ọ̀rọ̀ ìṣe méjì léra wọn bíi tiwa: jẹ, yó. Inú mi dùn débi pé mo ń tún un sọ títí ìyá náà fi ń bá mi sọ ọ́ pọ̀.

Ọ̀nà Gánà yá. A wọlé ní Aflao, a ra abolo, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ooru sè, àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín ní Sogakope létí afárá odò Volta, ó di Kùmásí. Fùfú tún ni wọ́n gbé fún wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni, nínú ọbẹ̀ tó ṣàn, a sì ní láti gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. "Mamee", mo ti yó lédè Twi, ni mo sọ nígbà tó tó mi. Didi ni jíjẹun, mee ni yíyó, "didi mee" sì ni wọ́n ń sọ, jẹ, yó. Láti Ìbàdàn dé Kùmásí, èdè ń yí padà, ètò ọ̀rọ̀ yìí kò yí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú tiwa, tí mi ò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀: oúnjẹ náà lè ṣe iṣẹ́ yíyó. "Ìrẹsì kì í yó mi" ni bàbá mi máa ń sọ, tí ìyá mi á sì dìde lọ ro àmàlà.

Àǹtí mi ní gbogbo èyí tí mò ń kó jọ, kò ì tíì kan ojú abẹ. "Ta lò ń sọ ọ́ fún?" ló bi mí nínú ọkọ̀. Ó ní nílé wa, "mo ti yó" àkọ́kọ́ kì í ká abọ́ kúrò nílẹ̀. Olóúnjẹ á ní "Ṣé ọbẹ̀ ọ̀hún ni kò dùn?", á tún bù díẹ̀ sí i, o ó sì fi ọ̀wọ̀ jẹ ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Ìgbà kejì tí o bá sọ ọ́ ni wọ́n tó gbà ọ́ gbọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a tún yà ní Kútọnu. Mo jẹ amiwó mi tán, mo ní "J'ai bien mangé, maman." Ó wo ojú mi, ó ní "Ó dáa." Ó gbé ìyókù wọ inú ilé ìdáná, ó dì í sínú ọ̀rá méjì, ó sì fi há mi lọ́wọ́ fún ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.