Ẹ̀mí mélòó ló wà nínú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ágíríkì, n'Íkòròdú níbí, lọ́jọ́ Sátidé. POS ni mò ń ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ti dákú látàárọ̀, àwọn èèyàn kàn tò sílà tí wọ́n ń pòṣé, ebi sì ń pa wọ́n, àfi bí Ìyá Mọ́ínmọ́ín ṣe gbé kúlà ẹ̀ dé. "Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje rèé o! Ó gbóná fẹlifẹli o!"

Mẹkáníìkì kan ra méjì, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Kò tiẹ̀ jókòó. Orí ìjókòó ọ̀kadà ló ti tú ewé yẹn, ó wá ń fi ìka tí gírísì ò tíì kúrò lára ẹ̀ tán (òun ló ń jẹ ẹ́ o, kì í ṣe èmi) tú mọ́ínmọ́ín yẹn wò bí ẹni tí owó ẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn. Ẹyin wà níbẹ̀, wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé atẹ́gùn lè gbé e lọ. Ẹja Títù wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Edé kan ṣoṣo, kò tiẹ̀ lórí. Bọ̀dá yìí wá gbójú sókè, ó ní, "Màámi, ẹ̀mí mẹ́ta ni mo kà o. Àwọn mẹ́rin tó kù ńkọ́, ṣé wọ́n ti kú ni?"

Ẹ̀rín bẹ́ lórí ìlà. Ìyá ò mì o. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ata ò lẹ́mìí ni? Àlùbọ́sà ńkọ́? Epo ńkọ́? Ẹ̀wà fúnra ẹ̀ ńkọ́?" Mo fi ìka kà á lábẹ́ káńtà, ẹ̀gbọ́n mi, ó pé méje!

Mẹkáníìkì ní òun máa fẹjọ́ màmá sun LASCOPA, àwọn tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ oníbàárà báyìí. Wọ́n bá dà á bò. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mọ́ínmọ́ín lo fẹ́ torí ẹ̀ pe ìyá ẹ lẹ́jọ́? A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́ o. Àlàájà kan tó fẹ́ gba owó ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń fi ìbòrí nu omi ojú.

Èmi tí ẹnu ń yún ni mo bá sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ l'Amẹ́ríkà rí, tọ́rọ̀ náà di ariwo gidi. Oṣù kìn-ín-ní 2011, àwọn lọ́yà kan láti Alabama, Beasley Allen lorúkọ wọn, gbé Taco Bell, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní taco, lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní California. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ taco, ẹ máa wò ó bí àkàrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, tí wọ́n ká, tí wọ́n wá rọ ẹran màlúù lílọ̀ sínú ẹ̀. Àwọn lọ́yà ní ẹran wo lẹ̀ ń pè lẹ́ran, pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, ẹran inú ẹ̀ ò ju ìdá 35 nínú 100 lọ. Wọn ò bèèrè owó gbà-máà-bínú kankan o, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n yéé pè é ní ẹran màlúù nínú ìpolówó.

Ẹni bá rò pé ilé iṣẹ́ yẹn máa sá pamọ́ ò mọ̀ wọ́n. Odidi ojú ewé ni wọ́n rà nínú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè wá lẹ́jọ́. Wọ́n ní ìdá 88 ni ẹran màlúù, ìdá 12 tó kù, 3 jẹ́ omi, 4 jẹ́ ata àti iyọ̀ àti àlùbọ́sà gbígbẹ àti àwọn èlò ọbẹ̀ míì, kódà kòkó wà níbẹ̀, 5 tó kẹ́yìn ni ótì (oats, irú ọkà kan ni o, kì í ṣe ọtí) àti yíìsì àti ṣúgà tí wọ́n yan àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń ronú pé ta ló lè dúró ní Sábó kó sọ fún ẹ pé ìdá báyìí ni ẹran inú mítípáì òun? Èmi tí mo ra mítípáì níbì kan lóṣù tó kọjá, tó jẹ́ pé pòtétò ni mo jẹ látòkè dé ìsàlẹ̀, tí mo wá rí ẹran kan ní igun kan bí ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn kan ń bínú pé kí ni ótì ń wá nínú ẹran, àwọn míì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn míì ní kẹ́ ẹ wo owó tẹ́ ẹ fi ń rà á, kí lẹ ń retí gan-an, ẹran àgbò? Nígbà tó di oṣù kẹrin, àwọn lọ́yà gbé ẹjọ́ wọn kúrò ní kóòtù. Wọ́n ní torí pé ilé iṣẹ́ náà ti tún ìpolówó ẹ̀ ṣe ni, ilé iṣẹ́ ní irọ́ o, a ò tún nǹkan kan ṣe, a ò san kọ́bọ̀, wọ́n tún wá ra ojú ewé míì láti bi àwọn lọ́yà pé ṣé ẹ máa kú tẹ́ ẹ bá ní ká má bínú ni? Síbẹ̀ ọjà wọn wálẹ̀ lọ́dún yẹn, àwọn fúnra wọn sì sọ pé ariwo ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tó fà á.

Mẹkáníìkì ní òun ò gbọ́ gbogbo ìyẹn, ta ló mọ iye ẹran tó yẹ kó wà níbẹ̀? Ìbéèrè ọlọgbọ́n. Ìjọba wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀: tó o bá pè é ní ohun tí wọ́n ń rọ sínú taco, ẹran tútù inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 40, tó o bá sì pè é ní ẹran màlúù lílọ̀, o ò gbọ́dọ̀ bu omi sí i rárá. Orúkọ tó o bá pè é ló máa dá ẹ lẹ́jọ́. Ta ló wá kọ méje ti mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ fún wa? Mo bi àwọn tó wà lórí ìlà, ọ̀kan ní ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan ní kọ́ọ̀nù bíìfù, ọ̀kan ní mùdùnmúdùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Àlàájà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ni mo bá sọ ti McDonald's, ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà tó ń ta pòtétò díndín. Ní 1990 wọ́n kéde pé òróró tí wọ́n fi irè oko ṣe làwọn á máa fi dín pòtétò wọn. Àwọn Híńdù tí kì í fẹnu kan màlúù gbà wọ́n gbọ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, àṣé ní Amẹ́ríkà wọ́n ti ń fi èròjà tó wá lára màlúù sí pòtétò yẹn láti fáktírì tí wọ́n ti ń ṣe é kó lè dùn. Wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Seattle lọ́dún 2001, ní 2002 ilé iṣẹ́ náà bẹ̀bẹ̀, ó sì gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là fáwọn ẹgbẹ́ Híńdù, àwọn tí kì í jẹ ẹran àtàwọn míì. Ní Íńdíà, inú bí àwọn kan débi tí wọ́n fi ya lu ṣọ́ọ̀bù wọn lágbègbè Mumbai, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ní kò sí màlúù nínú ti Íńdíà.

Ẹ̀rín Àlàájà gé bí iná NEPA. "Ẹ dúró ná. Tó bá wá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó ní sọ́séèjì inú róòlù tóun máa ń rà fáwọn ọmọ-ọmọ òun, ta ló sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fóun rí? Ó wá yíjú sí kúlà. "Ìyá, kọ́ọ̀nù bíìfù wo lẹ máa ń lò?"

"Ẹ fọkàn yín balẹ̀ Àlàájà, mi ò fi kọ́ọ̀nù bíìfù sí i rárá."

"Ẹ gbọ́ o!" Mẹkáníìkì fò dìde. "Ẹ ti gbọ́ o, wọ́n ti jẹ́wọ́!"

Nẹ́tíwọ̀kì dé lásìkò yẹn, kóówá kọjú sí owó ẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè mò ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ohùn Ìyá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. "Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí rèé o! Ó gbóná o!" Mo dúró, mo tún tẹ́tí. Ẹlẹ́mìí. Kò sí méje mọ́. Mẹkáníìkì náà gbọ́, ó pariwo láti abẹ́ mọ́tò pé, "Màámi, ẹ̀mí mélòó?"

"Wá rà á kó o kà á!"

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà náà ṣì ni o.