Àpòòwé tí mo dá padà

Lánàá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wọlé bá mi ní kíláàsì wa ní Mushin, ó ti àpòòwé kan sábẹ́ ìwé máàkì, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí WAEC ọmọ yìí." Ata ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dá a padà fún un. Òfin tó de màgòmágó ìdánwò ti wà láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ìtìjú ló mú mi kọ̀ ọ́ ju ìbẹ̀rù lọ: ọmọ náà kò tíì lè ro ìdá pọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ti ń kọ́ ọ ní ìṣirò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lónìí, agogo méjì kò tíì lù tí ọmọ náà fi dé, ìwé ìṣirò rẹ̀ ti ọdún àkọ́kọ́ wà ní abíyá.