Ohun tí mo ti kọ́ nípa sínámọ́nì látìgbà tí mo ti ń tà á n'Ìkòròdú

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ sínámọ́nì yìí, èèpo igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àti tíì, ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́, torí kò sẹ́ni tí kì í mu ún mọ́ báyìí. Àwọn oníbàárà mi ń ti Agric wá, wọ́n ń ti Ìta Ẹlẹ́wà wá, ẹlòmíì ní ìtọ̀ ṣúgà lòun fẹ́ fi ṣe, ẹlòmíì ní ikùn òun ló tóbi, àwọn tó ń se zobo náà ò gbẹ́yìn. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ojoojúmọ́ lẹ fẹ́ máa mu ún?" torí ìdáhùn yẹn ni màá fi mọ èyí tí màá gbé fún wọn.

Sínámọ́nì kì í ṣe igi kan ṣoṣo o. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa, tó nípọn, tó le, tó pọ́n, kásíà lèyẹn. Ti Ṣáínà wà níbẹ̀, ti Indonéṣíà wà, ti Vietnam náà wà, ti Vietnam yìí ló ń ta sánsán jù nínú gbogbo wọn, tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò á ta yín lẹ́nu. Èèpo kan péré ló máa ń jẹ́, tó ká wọnú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àárín ẹ̀ á ṣófo, ẹ ò lè fọwọ́ lásán rún un. Ìkejì ni ti Sri Lanka tí wọ́n ń pè ní Sílónì. Òun fẹ́lẹ́, àwọ̀ ẹ̀ ò dúdú tó ti kásíà, èèpo bíi mélòó kan ló wà nínú ara wọn bí ẹní tí wọ́n ká pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí ó ti rún, adùn ẹ̀ náà rọra wà ni, kì í jó èèyàn lẹ́nu.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé kásíà ni feekì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Igi tiẹ̀ ló dá dúró, kódà nínú Ẹ́kísódù orí 30, níbi tí wọ́n ti ń ka ohun tí wọ́n máa fi ṣe òróró mímọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka sínámọ́nì, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka kásíà. Ohun tó dùn mí ni kéèyàn di kásíà sí náílọ́nù kó kọ Sílónì sí i lára kó sì gbowó Sílónì lọ́wọ́ ìyá arúgbó.

Ìdí tí mo fi ń bi wọ́n pé ṣé ojoojúmọ́ ni pé nǹkan kan wà nínú kásíà tí wọ́n ń pè ní coumarin, ó pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, nínú Sílónì kò tó nǹkan rárá. Coumarin yìí, tó bá pọ̀ lára fúngbà pípẹ́, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún àwọn kan tí ara wọn ò gbà á. Ilé iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ewu inú oúnjẹ, BfR, ti kìlọ̀ ẹ̀ láti 2006. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn, ẹni tó bá wọn kílò 60, kásíà gíráàmù 2 lójúmọ́ ti gbé e dé ojú ààlà coumarin tí kò yẹ kó kọjá lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ síbí tíì kan tó kún ju gíráàmù 2 lọ o! Nítorí náà ẹni tó fẹ́ máa mu ún láràárọ̀, Sílónì ni kó rà, bó tiẹ̀ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ jù ú sí zobo tàbí kéèkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kásíà dáa fún un, owó ẹ̀ rọjú, òórùn ẹ̀ sì lágbára. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí èyí tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí Sílónì fi wọ́n tó báyìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é! Tí igi bá ti tó bí ọdún méjì sí mẹ́ta, wọ́n á gé e wálẹ̀ dé kùkùté, kò ní kú, ńṣe ló máa hu ẹ̀ka tuntun yíká, àwọn ẹ̀ka yẹn ni wọ́n ń gé bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, torí ìgbà yẹn lèèpo ń rọrùn bó. Wọ́n á ha èèpo ìta dànù, wọ́n á fi ọ̀pá idẹ ra á títí tí èèpo inú á fi tú lára igi, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á, wọ́n á rọra bó o kó má ya. Wọ́n á wá máa ti kékeré bọ ńlá nínú títí á fi gùn tó bíi mítà kan, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń sá a, wọn kì í kó o sínú oòrùn. Èyí tó tín-ín-rín jù ni wọ́n ń pè ní Alba, òun ló wọ́n jù. Iṣẹ́ àwọn tó ń bó o yìí wú mi lórí gan-an, kì í ṣe ohun tẹ́nì kan ń kọ́ lọ́jọ́ kan. Kásíà ti Indonéṣíà, ní agbègbè Kerinci ní Sumatra, wọ́n máa ń fi igi sílẹ̀ lọ́dún púpọ̀ kó nípọn, wọ́n á wá gé odindi ẹ̀ lulẹ̀, wọ́n á bó èèpo, wọ́n á sá a sóòrùn, á sì ká fúnra ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ra èyí tí wọn ò tíì lọ̀. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, ojú ò lè mọ Sílónì yàtọ̀ sí kásíà, ẹ ò sì lè mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ní 2023 ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé jẹ àpù lílọ̀ kan, òjé wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, inú sínámọ́nì tí wọ́n fi sí i ni òjé yẹn ti wá. Ẹ ra igi ẹ̀, ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀ díẹ̀ nílé, ẹ dé e pa sínú ìgò kí òórùn ẹ̀ má fò lọ. Tẹ́ ẹ bá dé Sábó tí wọ́n ní Sílónì làwọn ń tà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ rún ẹyọ kan wò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tó bá ń ta ojúlówó ò ní bínú.